Wàràwàrà àti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tán nílẹ̀. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ni mò ń lọ̀ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ooru áyọ́ọ̀nù sì ti fa gbogbo sùúrù ara mi gbẹ. Àbúrò mi obìnrin ló gba tèmi mọ́ tiẹ̀. Apòdà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ha èérún ògiri ilé yín lọ sí ìsọ̀ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ ní àwọ̀ yìí gan-an lẹ fẹ́, pé ẹ ò fẹ́ èyí tó jọ ọ́, òun ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ lọ bá. Á wo èérún náà lẹ́nu ọ̀nà, á wò ó lábẹ́ iná, á kán dúdú bíńtín sínú funfun, á tún kán pupa díẹ̀, á rò ó pọ̀. Lẹ́yìn náà á kun oríṣi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pátákó kan náà, á sì jókòó tì í. Oníbàárà á ní, "Ó ti dáa báyìí, ẹ fún mi kí n máa lọ." Á ní, "Kò tíì gbẹ. Òpùrọ́ ni ọ̀dà tútù." Èmi ì bá ti da ọ̀dà náà lé oníbàárà lórí kí n tó dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Orí ìlà ló wà ní báńkì, èèyàn mẹ́fà péré ló kù níwájú rẹ̀, ni àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èémí ò wọlé, èémí ò jáde. Ó dá a lójú gbangba pé ikú ló dé yẹn. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò títí, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, kó máa lọ ilé. Ẹ gbọ́ nǹkan! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ó dé ní ìsọ̀, níwájú oníbàárà. Nígbà tó yá, ibi tó lè ká a mọ́ ló wá ń bà á lẹ́rù ju àìsàn náà fúnra rẹ̀ lọ. Ó yọ báńkì kúrò nínú ibi tó ń lọ, ó yọ bọ́ọ̀sì, ó yọ ọjà, ó yọ òpópónà. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni kò fi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwa méjèèjì jọ ń gbé. Ọ̀gá rẹ̀, Ọlọ́run á bá mi bù kún ọkùnrin yẹn, ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i nílé, inú ilé ìdáná mi ló sì ti ń po ọ̀dà. Kò sí ṣíbí kan nínú ilé yẹn tí kò láwọ̀ mẹ́ta.

Inú ń bí mi nígbà yẹn o, mi ò ní purọ́. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ní, "Kí ló wà níta tó fẹ́ gbé ẹ mì? Dìde ńlẹ̀!" Á wò mí, ojú rẹ̀ á kún fún omi, á ní, "Àǹtí mi, èmi mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níta. Ara mi ni ò mọ̀." Màá gba ibi iṣẹ́ lọ, àmọ́ kì í pẹ́ tí màá tún fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí nǹkan wá le sí ni ọ̀rọ̀ Màámi. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi ni wọ́n ń gbé, lápá kejì ìlú, bọ́ọ̀sì méjì sí wa. Awọ funfun ti bo ojú wọn méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, wọn ò dá ojú èèyàn mọ̀ mọ́. A ò sọ ọ̀rọ̀ Apòdà fún wọn rárá. Tí wọ́n bá béèrè rẹ̀, a máa ń ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni dókítà ojú bá fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí ojú náà, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ tiẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló tún kàn án, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé tí awọ yẹn bá fi le ju báyìí lọ, ó ṣeé ṣe kí ojú náà má padà bọ̀ sípò mọ́. Inú gbogbo wa dùn. Àfi Màámi tó ní àwọn ò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kankan, àyàfi tí Apòdà, àbíkẹ́yìn àwọn, bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú àwọn dé ẹnu ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Mo ní, "Màámi, èmi àkọ́bí yín ńkọ́? Ṣé igi lásán lèmi ni?"

Wọ́n ní, "Ìwọ? Wàá ti bá nọ́ọ̀sì mẹ́ta jà kí n tó bọ́ bàtà."

Mo bẹ̀ wọ́n, mo pariwo, mo sunkún. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, Apòdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ní, "Ṣé torí mi ni Màámi ò fi ní ríran mọ́?" Òun fúnra rẹ̀ ló mú fóònù, ló wá dókítà tó mọ̀ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ló sì bá a sọ̀rọ̀ ojú-kojú lórí fóònù náà, torí kò lè lọ bá a.

Obìnrin ni dókítà ọ̀hún, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àìsàn ìjáyà òjijì ló ń ṣe é, òun ló sì bí ẹ̀rù ìta tó há a mọ́lé. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ojo, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in. Ẹ wo bí èjìká àbúrò mi ṣe rọ̀ wálẹ̀! Dókítà ní oògùn kan wà tí á máa lò lójoojúmọ́, àmọ́ ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó mú dáadáa, àti pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè mú kí ara rẹ̀ má balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ki ẹnu bọ̀ ọ́. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀! Dókítà, ọjọ́ ti sún mọ́lé! Ṣé ẹ ò ní èyí tó yá ni?"

Ó ní èyí tó yá wà. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti mú. Ṣùgbọ́n oorun ń bẹ nínú rẹ̀, ó ń mú kéèyàn gbàgbé nǹkan, tó bá sì pẹ́ lára, ara á máa béèrè rẹ̀, ó sì máa ń nira láti fi sílẹ̀. Ó ní òun á fi hóró mẹ́wàá péré kún un, fún ọjọ́ tí ẹ̀rù bá fẹ́ borí rẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì tó ń yí àdúgbò ká ló kó méjèèjì wá fún wa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Apòdà ti sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó yá ń jẹ́ Wàràwàrà, èyí tó ń pẹ́ ń jẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti kó bá a. Dókítà sọ fún un bó ṣe máa lò wọ́n, nọ́ọ̀sì tún un sọ, wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Àmọ́ ẹni tó ti ń wo ọ̀dà méjì lórí pátákó kan náà láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣé á lè rí oògùn méjì kó má fi wọ́n wéra? Ó fa ìlà sára pátákó kan, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Lónìí á lo Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọ́la á lo Wàràwàrà, lọ́túnla á padà sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lálaalẹ́ ló ń kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà gbà pé ọgbọ́n ni. Kí ni mo mọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn, Wàràwàrà gbé wa lọ́kàn lọ! Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé hóró kan mì, ó tó bí ìdajì wákàtí, ó dìde, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀." Eré ni mo pè é. Ó di mí lọ́wọ́ mú, a sọ̀ kalẹ̀, a dé ẹnu géètì, ó gbá géètì náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jó! Níwájú gbogbo ayálégbé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára mi, mo jó. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní, "Apòdà, géètì lánàá!" Ó ní, "Géètì wo?" Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà. Kò rántí nǹkan kan. Àwọ̀ tí oníbàárà kan ní kó pò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọ̀ ewé ló pò dípò búlúù, kò sì mọ̀ pé òun ló pò ó.

Ní ọjọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ńkọ́? Èébì ń gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rìn yí inú yàrá ká. Mo ní, "Kó kínní yìí dànù! Ṣé o ò rí bó ṣe ń fojú ẹ rí màbo ni?" Ó mi orí. "Kò tíì gbẹ, Àǹtí." Èmi ò wá jókòó lásán o. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé ìyá òun ń lo oògùn mìíràn tó ń dẹ ìlù àyà lọ́wọ́, ó sì bù díẹ̀ fún mi. Mo kó o wálé bí ẹni tó rí wúrà.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún ni nọ́ọ̀sì wọlé wá wò ó, tó sì rí pátákó ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Ó kà á, ó tún un kà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi oògùn ṣeré ayò báyìí?"

Apòdà ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì jókòó. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojoojúmọ́ ló ń kó ara rẹ̀ jọ sínú ara yín. Bẹ́ ẹ bá lo tòní, tẹ́ ẹ fo tọ̀la, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìdààmú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń jẹ léraléra, ẹ ò jẹ oore rẹ̀. Èyí kejì, iṣẹ́ ọjọ́ kan ló ń ṣe. Ó ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ ni, kò yọ ọ́ kúrò. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ẹ ò lè fi wọ́n sórí pátákó kan náà."

Apòdà já pátákó náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Ó wá ní, "Ìyẹn ni pé ọ̀kan ń bo àbàwọ́n, èkejì la gbọ́dọ̀ kun ní ìpele-ìpele, ká jẹ́ kí ìpele kan mu kí òmíràn tó gùn ún."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an!"

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ ọ́ báyẹn láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì. Ó wá rí oògùn ìlù àyà tèmi lórí tábìlì, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ló ń ṣe níbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní oògùn yẹn lè mú kí ọwọ́ dẹ́kun gbígbọ̀n, àmọ́ kò ní lé ẹ̀rù inú lọ, àti pé ẹni tó ní ikọ́ fée, tí èémí rẹ̀ máa ń há, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ikọ́ fée! Àbúrò mi ní in láti kékeré, èmi ni mo máa ń gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kó o fún nọ́ọ̀sì.

A ka ọjọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. A ka Wàràwàrà. Mẹ́sàn-án ti lọ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Dókítà ní òun ò ní fi kún un.

Ẹ ò mọ bí ọjọ́ ṣe ń rìn tó àfi tẹ́ ẹ bá ń dúró de oògùn. Lọ́sẹ̀ kìíní tó fi ń lo Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójoojúmọ́, èébì àti gbígbọ̀n ni ṣáá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní oògùn nìkan ò tó o, kó máa na ẹsẹ̀ lọ síbi tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, àti pé tí ìjáyà bá dé, kó má sá, kó dúró títí á fi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn kẹta, lẹ́yìn náà kẹsàn-án, ó ń po ọ̀dà níbẹ̀, àwọn ayálégbé ń fo agolo kọjá. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó dé géètì! Lọ́tẹ̀ yìí, ó rántí! Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní, "Àǹtí mi, irin géètì yẹn tutù." Mo kígbe débi pé aṣọ tí mò ń lọ̀ jó. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni, ọ̀gá mi fẹ́ lé mi, mo ní kó máa lé mi lọ.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó dé ṣọ́ọ̀bù ìkángun òpópónà, ó dá ra ìṣáná bọ̀. Páálí ìṣáná kan! Mi ò tíì rí ẹ̀bùn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ kẹfà, a wọ bọ́ọ̀sì, ibùdókọ̀ kan péré, a sì fẹsẹ̀ rìn padà. Ó ń làágùn, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé omi àti Wàràwàrà tó kù lé tábìlì níwájú rẹ̀.

"Gbé e mì."

"Rárá, Àǹtí."

"Ṣé orí ẹ pé? Bọ́ọ̀sì méjì! Ilé ìwòsàn tó kún fọ́fọ́! Ojú Màámi lò ń fi ṣeré yìí!"

"Tí mo bá lò ó, màá dé ibẹ̀," ló sọ, "àmọ́ mi ò ní rántí pé mo dé ibẹ̀. Mo fẹ́ rántí." Ó wé hóró náà mọ́ bébà, ó fi sínú báàgì. "Tó bá borí mi, màá lò ó. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ rọrùn. Bọ́ọ̀sì kejì kún, àárín ni wọ́n fún wa sí, kò sí fèrèsé nítòsí. A ò tíì rìn jìnnà tí mo rí ètè rẹ̀ tó funfun. Ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ ara mi. "Ó ti dé," ló wí. Mo dìde, mo pariwo, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ dúró! Ẹ dúró ńbẹ̀!" Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, gbogbo ojú yí sí wa.

Àbúrò mi fà mí jókòó. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe, "Ẹ má dúró o! Ẹ máa lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ!"

Bọ́ọ̀sì gbéra. Ó di ojú, ó ń mí, omi ń dà lójú rẹ̀, báàgì wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i. Mò ń wo ọwọ́ aago mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú meje, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ lára mi. Ó la ojú. "Ó ti ń lọ," ló wí, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ò gbà á gbọ́. Ìyá kan lẹ́yìn wa pàtẹ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ojú yẹn kún bí ibùdókọ̀. Màámi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nọ́ọ̀sì kan ti pe orúkọ Màámi lẹ́ẹ̀kan, wọn ò dáhùn. Apòdà la èrò náà kọjá, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Màámi méjèèjì mú. "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Èmi nìyí."

Màámi fi ọwọ́ pa á lójú, wọ́n rí i pé ojú náà tutù, wọ́n pa á lórí, wọ́n pa á lọ́rùn. "O ti rù," ni wọ́n sọ. Ni nọ́ọ̀sì bá tún pe orúkọ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọmọ wọn lápá, mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n dúró.

"Ṣé bọ́ọ̀sì lo wọ̀ wá?"

"Bọ́ọ̀sì ni, Màámi."

"Ó tó oṣù mélòó tóo ti jáde kẹ́yìn?"

Mo di ẹnu mi. Apòdà wò mí, mo mi orí pé èmi ò sọ nǹkan kan.

"Ta ló sọ fún yín, Màámi?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Gbogbo yín kọ́ lẹ̀ ń purọ́ fún mi? Mo bí ẹ, mo mọ ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Mo wá jókòó, mo rò ó pé kí ni mo ní tó lè fà ẹ́ jáde nínú yàrá yẹn. Ojú mi yìí nìkan ni mo rí."

"Màámi! Tí n ò bá wá ńkọ́?"

"Ǹ bá ṣì máa dúró dè ẹ́."

Wọ́n bọ́ bàtà wọn fún un, wọ́n sì tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Èmi ni mo bú sẹ́kún, èmi tí mo ti ń pariwo láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo fa àbúrò mi lọ́wọ́, mo ní ó ti ṣe é, ó ti parí, kó jẹ́ ká bọ́ síta níbi tí èèyàn ò ti pọ̀, kó mí díẹ̀, a óò padà wá. Kò dìde. Ó ti rí àyè jókòó sí láàárín bẹ́ǹṣì, èèyàn mẹ́ta lápá ọ̀tún rẹ̀, mẹ́rin lápá òsì, bàtà Màámi lórí itan rẹ̀.

"Ẹ lọ ra omi wá fún mi, Àǹtí," ló wí. "Mi ò kúrò níbí."